Mo ti wọlé ọkọ, àmọ́ ara mi ṣì ń sá: ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé ìjọsìn ló fà á?

Ọmọ_Yàgbà_Kékeré

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bú mi. Orúkọ tí mo fi wọlé yìí kì í ṣe orúkọ mi, torí àwọn ẹbí mi náà máa ń ka nǹkan níbí.

Ìdílé onígbàgbọ́ ìjọ ECWA ni mo ti wá, ní apá Yàgbà. Alàgbà ìjọ ni bàbá mi. Láti kékeré, ohun tí mo gbọ́ nípa ọkùnrin kò ju "ṣọ́ra" lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, ìyá mi fún mi ní páàdì, ó ní bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn mí báyìí, oyún ni, ó sì padà sídìí ọbẹ̀ tó ń sè. Ọ̀rọ̀ tán. Ní ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́, oníwàásù ní kí àwa ọmọbìnrin dìde ká ṣèlérí pé a ó pa ara wa mọ́. Mo ṣe é, mo sì mú un ṣẹ. N kò kábàámọ̀ ìyẹn rárá.

Èṣí la ṣègbéyàwó nínú ìjọ. Ọkọ mi kì í ṣe oníjàgídíjàgan, ó ní sùúrù. Ṣùgbọ́n bó bá ti sún mọ́ mi lálẹ́, ara mi á le, itan mi á pàdé, ibẹ̀ á tì pa. Bó bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìrora yẹn kì í ṣe kékeré. Kódà tí a bá gbàdúrà kó tó di pé a sùn, ó máa ń ṣe mí bíi pé bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. A kò tíì mọ ara wa bí tọkọtaya ṣe ń mọ ara wọn. Ìyá ọkọ mi sì ti ń wo ikùn mi.

Wòlíì kan ní ọkọ òru ni, pé kí n gbààwẹ̀, kí n kó àwọn aṣọ tí mo fi ń sùn wá fún òun. Ṣé ẹlòmíràn ti bá irú èyí pàdé? Kí lẹ ṣe?

BàbáDíkónì

Okun, ọmọ mi. Ọlọ́run á dá sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ rọra o, ẹ má sáré di ẹ̀bi ru ìjọ. Ìkìlọ̀ tí ẹ gbọ́ yẹn wúlò. Nígbà tiwa, ọmọbìnrin tó bá lóyún nílé-ìwé, òun ló ń padà sóko. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún á jókòó ṣèdánwò rẹ̀. Àwọn òbí yín rí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pariwo. Ọ̀rọ̀ ọkọ òru náà kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Gbàdúrà. Ṣùgbọ́n má kó aṣọ kankan fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Owé

Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ìsìn àlejò ló kó bá wa. Kí òyìnbó àti Lárúbáwá tó dé, àwọn ìyá wa kò tijú ara wọn. Wọ́n máa ń jókòó ti ìyàwó tuntun, wọ́n á sọ fún un bí nǹkan ṣe ń lọ. Ìjọ ló sọ gbogbo rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Mọ̀pà

Bàbá Díkónì, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi kún un.

À ń rí àwọn obìnrin tó ní irú èyí. Wọn kì í kàn sọ ọ́. Wọ́n á ní inú ń run àwọn, tàbí pé àwọn ń wá ọmọ. Ìgbà tí a bá fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò, tí wọ́n bá ń sún sẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì títí orí wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ìgbà yẹn lojú mi máa ń là.

Vaginismus ni àwọn dókítà ń pè é. Iṣan tó yí ojú ara ká ló ń fún pọ̀ fúnra rẹ̀, bí ìpéǹpéjú ṣe ń pa dé nígbà tí eruku bá fẹ́ kó sójú. Obìnrin náà kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kò sì túmọ̀ sí pé kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó kún fún ìbẹ̀rù lè wà nídìí rẹ̀, mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ pásítọ̀ àti ọmọ àáfà tó ní in. Ṣùgbọ́n Ọmọ Yàgbà, má ti ibẹ̀ parí ìdájọ́ o, torí nǹkan mìíràn lè máa dùn ọ́ lábẹ́. Àkóràn lè fà á. Ojú ara tó gbẹ lè fà á. Àìsàn endometriosis, níbi tí irú ẹran ara tó wà nínú ilé ọmọ ti ń hù síta rẹ̀, náà ń fà á. Bí ẹnìkan bá ti fipá bá ènìyàn lò rí, ara kì í tètè gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni ìdábẹ́: ọ̀pọ̀ tí wọ́n dá lábẹ́ ní ọmọ ọwọ́ ni kò mọ̀ títí di òní, àpá rẹ̀ sì lè máa fa ìrora nígbà ìbálòpọ̀. O lè béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ tàbí kí dókítà wò ó.

Èyí tó ṣe kókó lónìí: ẹ dáwọ́ gbígbìyànjú dúró ná. Gbogbo ìgbà tó bá dùn ọ́, ṣe ni ara tún ń kọ́ ẹ̀rù sí i. Lẹ́yìn náà, lọ rí dókítà àwọn obìnrin. O lè ní obìnrin lo fẹ́ kó yẹ̀ ọ́ wò, o sì lè ní kó dúró nígbàkigbà. Bó bá jẹ́ vaginismus ni, ìtọ́jú wà. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń tú iṣan ìdí sílẹ̀. Wọ́n á ní kí o mọ ara rẹ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ, lẹ́yìn náà wọ́n lè fún ọ ní dilator, irinṣẹ́ kékeré tó rọ̀, tí ìtóbi rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ lo máa lò ó fúnra rẹ, kì í ṣe ọkọ rẹ. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, ọ̀pọ̀ ló sì ń bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá.

Ààwẹ̀ ò burú fún ẹni tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ebi kì í tú iṣan sílẹ̀.

Àǹtí_Lọ́kọ́ja

Mo bá yín kẹ́dùn. Ohun tí mo lè sọ: mu wáìnì díẹ̀ kí ẹ tó sùn, kí ara rọ̀. Kí o sì máa ṣe eré ìdárayá Kegel, kí o máa fún ibẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ dúró. Ó dára fún ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Mọ̀pà

Àǹtí, ẹ máà bínú. Iṣan tirẹ̀ ti ń fún pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wá ní kó tún fún un sí i? Kegel wà fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ti dẹ̀, bíi lẹ́yìn ìbímọ. Títú u sílẹ̀ ni ti àbúrò yìí. Ti wáìnì ńkọ́? Tí ọtí bá di ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọ yàrá ọkọ rẹ̀, ọ̀ràn kejì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ẹlòmíràn tó dé: ẹ má fi álọ́ọ̀mù sí i, ẹ má fi kán-ún sí i, ẹ má fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ inú ibẹ̀. Wọ́n ń bó o ni, wọ́n sì ń gbẹ ẹ́.

Olùkọ́_Ìyàrá

Ọmọ Owé, ọ̀rọ̀ rẹ dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ta ló sọ fún ọ pé kò sí ìbẹ̀rù nínú rẹ̀ kí ìjọ tó dé? Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, aṣọ funfun ni wọ́n ń tẹ́ sórí ibùsùn ìyàwó, ilé méjèèjì á sì máa retí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá bá a nílé, ẹbí ìyàwó á gba ẹ̀bùn, wọ́n á jó. Bí kò bá bá a nílé, wọ́n lè fi páálí ìṣáná tí kò kún ránṣẹ́, gbogbo àdúgbò á sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìwọ fojú inú wo ọmọbìnrin tó wà nínú yàrá yẹn, tí ìyá méjèèjì dúró síta. Ṣé ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á rọ̀? Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í ṣẹ̀jẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, tí kò sì tíì mọ ọkùnrin rí. Ní oṣù kẹwàá 2018, àjọ ìlera àgbáyé WHO àti àwọn àjọ mìíràn ní Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè sọ ọ́ gbangba pé kò sí àyẹ̀wò kankan tó lè fi ìbálé hàn, pé kí wọ́n fòpin sí i.

Ní ti ìjọ, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe tọ́. Ní 1908, Titcombe, ará Kánádà, mú iṣẹ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SIM wá sí Ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ECWA tó gba ilẹ̀ Yàgbà kan. Nígbà náà, wọ́n ń ka ìbejì sí èèwọ̀ lágbègbè yẹn. Ìyàwó Titcombe wá bí ìbejì, gbogbo ènìyàn sì rí i pé kò sí láburú kan tó ṣẹlẹ̀. Wọn ò fi ìwàásù nìkan jà á, wọ́n tọ́ àwọn ọmọ náà lójú gbogbo ayé. Èmi máa ń rò ó pé ọ̀rọ̀ yàrá ni wọn kò fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò. Ohun tó kù sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa ni àga ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin tó bá lóyún kí ó tó ṣègbéyàwó, ẹ̀yìn ni wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ọmọdé ń wẹ̀yìn wò ó. Ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ tí mo kọ́kọ́ gbà nìyẹn, n kò sì tíì dàgbà tó láti mọ ohun tó ṣe.

Ìyá_Ìbejì_Ìsánlú

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn Ọmọ Owé lórí "àwọn ìyá máa ń jókòó ti ìyàwó." Wọ́n jókòó tì mí. Ìyá àgbà mi ní: "Fara dà á, yóò tán, yóò sì di ọmọ." Ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀kọ́.

Àbúrò mi Yàgbà, má sọ̀rọ̀ yìí fún ìyá ọkọ rẹ o. Jẹ́ kí ọkọ rẹ bá a sọ̀rọ̀ pé kí ó fi yín sílẹ̀.

Ummu_Kábà

Àsàlámù àlékùm, okun. Mùsùlùmí ni mí, mo fẹ́ fi tiwa kún un torí ẹni tó ní "Lárúbáwá" kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà fún wa.

Ní ilé kéwú wa, kí n tó bàlágà ni wọ́n ti kọ́ wa ní ìwẹ̀ jánnábà, ìwẹ̀ ìmọ́ra tí wọ́n ń wẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ohun tó ń sọ ọ́ di dandan àti bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Àáfà kò wolẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Nínú Al-Kùránì, súrà kejì, aya 187, Ọlọ́run ní aṣọ ni wọ́n jẹ́ fún yín, aṣọ lẹ sì jẹ́ fún wọn. Hádíìsì kan tún wà nínú Sahih Muslim tí Ànábì ti sọ pé sàárà ni kí ọkùnrin bá aya rẹ̀ lò. Ó ya àwọn sàábé, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, lẹ́nu, wọ́n ní ṣé kí ènìyàn tẹ́ ìfẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn kó tún gba láádá? Ó ní bó bá gbé e lọ síbi èèwọ̀, ṣé kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni láádá ṣe wà fún un níbi tó tọ́.

Ó dùn, àbí? Àmọ́ alẹ́ ìgbéyàwó mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìwẹ̀. Wáásí tí wọ́n sì ń ṣe fún obìnrin lọ́jọ́ yìgì, ti màláíkà tó ń ṣẹ́bi lé obìnrin tó bá kọ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń tún sọ. Ìyá mi fi ìyẹn sí mi létí lọ́nà ilé ọkọ, nínú mọ́tò. Kò sẹ́ni tó pe ọkọ mi jókòó sọ tirẹ̀ fún un. Nítorí náà, ìwé kọ́ ló dí ẹnu wọn. Àwa là ń yan èyí tá a máa kà sókè.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́: mo sọ fún ọkọ mi pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo sọ ọ́ lọ́sàn-án, nígbà tí a ń jẹun. Lálẹ́, ẹnu mi kì í yà.

BàbáDíkónì

Bíbélì náà kò dákẹ́ o, ìyá. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù, Kọ́ríńtì kìíní, orí 7, ẹsẹ 3 sí 5. Ó ní kí ọkọ ṣe ohun tó yẹ fún aya, kí aya ṣe fún ọkọ. Ọkọ kò ní àṣẹ lórí ara òun fúnra rẹ̀, aya ló ní i. Bákan náà ni ti aya.

Ìyá_Ìbejì_Ìsánlú

Bàbá, mo ti gbọ́ ẹsẹ yẹn lẹ́nu àwọn ọkọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìdajì tó kan obìnrin ni wọ́n máa ń kà. Ẹ bi wọ́n ní ìdajì kejì, wọn ò mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí ẹ kò mú Orin Sólómọ́nì wá? Òwe 5 ńkọ́, ẹsẹ 18 àti 19? Mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, n kò gbọ́ kí wọ́n fi i wàásù rí, àfi tí wọ́n bá ní Kristi àti ìjọ ni.

Ẹ̀gbọ́n_Ògìdì

Ọkùnrin ni mí, ọmọ Àgùdà. Ẹ̀yin obìnrin ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwa kò sí níbẹ̀.

Ọmọ tó ń ṣèrànwọ́ nídìí pẹpẹ ni mí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Bí mo bá lálàá, tí mo jí tí ara mi tutù, mo ti lọ jẹ́wọ́ nìyẹn. Ara mi di ọ̀tá tí mo ń fẹjọ́ rẹ̀ sun fádà. Nígbà tí mo gbéyàwó, n kò lè tan iná. Òkùnkùn nìkan, kíákíá, kí n sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ìyàwó mi rò pé òun ni n kò fẹ́ràn. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ fún mi, ó sì dùn mí.

Ó ṣe mí ní kàyéfì pé inú ìjọ kan náà ni mo ti rí ìrànlọ́wọ́. Níbi ẹ̀kọ́ tọkọtaya, wọ́n mú tọkọtaya kan wá láti kọ́ wa ní ọ̀nà Billings, tí wọ́n fi ń fètò sọ́mọ bíbí láìlo oògùn. Obìnrin náà dúró níwájú gbọ̀ngàn, ó ń ṣàlàyé omi tó ń jáde lójú ara obìnrin àti bó ṣe ń yí padà láàárín oṣù. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ iṣu. Ọkùnrin kan jáde. Èmi jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí ẹnìkan dárúkọ ibẹ̀ nínú ilé ìjọsìn láìfi kún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ohun tí èmi àti ìyàwó mi ṣe ni pé a fẹnu kò lórí àwọn alẹ́ tí kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. A kàn máa ń fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn, pa apá, ká sọ̀rọ̀, ká sùn. Ẹ ò mọ ìsinmi tó wà nínú kí ènìyàn mọ̀ pé a ò retí nǹkan kan lọ́wọ́ òun.

Nọ́ọ̀sì_Mọ̀pà

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ ṣe yẹn, ìtọ́jú gidi ni. Masters àti Johnson, àwọn onímọ̀ méjì nípa ìbálòpọ̀, ló gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ṣì ń lò ó títí dòní. Wọ́n á ní kí tọkọtaya fòfin de ìbálòpọ̀ fúngbà díẹ̀, kí wọ́n máa fọwọ́ kan ara wọn láìsí ìkánjú. Ọmọ Yàgbà, èyí lè bẹ̀rẹ̀ lónìí kí o tó rí dókítà.

Ọmọ_Yàgbà_Kékeré

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Mo fi han ọkọ mi. Ó kà á títí dé ibi tí Ẹ̀gbọ́n Ògìdì ti ní òun kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó òun, ó wá ní òun rò pé òun ń dá mi lóró ni, ìdí tí òun fi ń sá lọ sùn ní pálọ̀ nìyẹn. N kò mọ̀.

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. N kò mọ̀ bóyá wọ́n dá mi lábẹ́. Màá bi àbúrò ìyá mi, ọ̀rọ̀ rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ní kí ọkọ mi pe wòlíì yẹn pé a kò wá mọ́.

Bàbá Díkónì, ẹ má bínú sí mi. N kò kórìíra ìjọ. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni wọ́n fi sọ fún mi pé iná ni. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lẹ́yìn òrùka, wọ́n ní kí n wọ inú rẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín.

BàbáDíkónì

N kò bínú, ọmọ mi. Lọ rí dókítà, kí ọkọ rẹ tẹ̀ lé ọ. Ṣùgbọ́n n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ àwọn ọmọdé ní nǹkan wọ̀nyí ní ìpàgọ́. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí wọ́n bá mú àfẹ́sọ́nà wá.

Ummu_Kábà

Bàbá, ìgbà yẹn ti pẹ́. Àwọn ọmọ ti rí i lórí fóònù, ohun tí wọ́n sì rí níbẹ̀ kò jọ ohun tí tọkọtaya ń ṣe. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Mo dárúkọ ẹ̀yà ara fún un, mo sọ ohun tí nǹkan oṣù jẹ́, mo sọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án níbẹ̀. Kò bàjẹ́.

BàbáDíkónì

Ìyẹn, ìwọ ìyá rẹ̀ lo sọ ọ́. Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Àjèjì tó gbé gbohùngbohùn níwájú ọmọ igba ni mò ń sọ.

Olùkọ́_Ìyàrá

Bẹ́ẹ̀ àjèjì tó gbé gbohùngbohùn ló ní kí wọ́n dìde ṣèlérí, Bàbá.

Àǹtí_Lọ́kọ́ja

Ẹ kú ìjíròrò o. Nọ́ọ̀sì, ẹ ti na mi lórí Kegel, ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí náà. Tí ibẹ̀ bá gbẹ, ṣé òróró àgbọn dára? Ìyẹn la ní nílé.

Nọ́ọ̀sì_Mọ̀pà

Ẹ máà bínú, Àǹtí mi. Ọ̀pọ̀ ló ń lo òróró àgbọn tí kò ní àdàlù, bí ara rẹ̀ bá gbà á. Àmọ́ tí ẹ bá ń lo kọ́ńdọ̀mù, ẹ má fi òróró kankan sí i, títí kan Vaseline. Ó ń jẹ́ kí rọ́bà rẹ̀ ya. Gel olómi tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì ni kí ẹ rà. Ẹ sọ fún wọn pé èyí tí kò ní òróró lẹ fẹ́, tí kò sì ní lọ́fínńdà.